Vallejo Metal Color lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì: báálù aláwọ̀ irin láìsí ẹ̀rọ ìfínda

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń to báálù ike kéékèèké, àfarawé báálù gidi, pọ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn ni mo fi ń sá fún báálù tí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ irin láti imú dé ìrù. Mo ti fi ọwọ́ kun àwọn tó jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọ̀ erùpẹ̀ àti àwọ̀ eérú, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ wọn kò ní rí ipa búrọ́ọ̀ṣì lára wọn. Ìgbà tó bá ti di ọ̀rọ̀ àwọ̀ irin ni ọkàn mi máa ń já, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ yìí ló gbà pé ẹ̀rọ tí a fi ń fín ọ̀dà nìkan ló lè gbé e jáde bó ṣe yẹ, àti pé ẹni tó bá mú búrọ́ọ̀ṣì sí i ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò ni. Èmi kò ní ẹ̀rọ ìfínda. Ilé alájà ni mo ń gbé ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàrá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ náà sì ni ọmọ mi ń sùn sí, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè máa fín ọ̀dà síbẹ̀. Èyí ló mú kí n ra ọ̀dà Vallejo Metal Color, tí mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì nìkan kun odindi Mustang kan, báálù ìjà Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wà nírú ipò tí mo wà.

Ilé-iṣẹ́ Vallejo bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965, ó sì kó lọ sí Sípéènì ní 1969. Metal Color jẹ́ ọ̀wọ́ ọ̀dà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọ̀ irin nìkan. Omi ni wọ́n fi pò ó, kì í ṣe epo, nítorí náà kò ní òórùn tí yóò lé èèyàn jáde nínú yàrá, omi lásán ni a sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Ìgò ike olómi 32 mílílítà tí ó ní ẹnu tín-ínrín ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìgò kékeré tí àwọn ọ̀dà aláwọ̀ lásán máa ń wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ náà sì ga ju ti àwọn yẹn lọ. Orúkọ irin gidi ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn: Aluminium wà, Duraluminium wà, Steel wà, bàbà wà, kódà èyí tí wọ́n pè ní Jet Exhaust wà fún ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì báálù jẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ìfínda ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà á fún. Bí ó ti ń ṣàn gẹ́rẹ́ láti inú ìgò nígbà tí mo kọ́kọ́ kán an sínú àwo, ẹ̀rù bà mí pé kò ní dúró lórí ike rárá.

Kí n tó sọ bí ó ṣe dúró, ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí àwọ̀ irin fi le fún búrọ́ọ̀ṣì ju àwọ̀ mìíràn lọ. Ọ̀dà pupa tàbí ọ̀dà ewé jẹ́ ẹ̀tù tí a lọ̀ kúnná tí a sì pò mọ́ omi, nítorí náà ibi yòówù kí ẹ̀tù náà kọjú sí, pupa ni yóò máa jẹ́. Ọ̀dà àwọ̀ irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìpẹ́ kéékèèké tí wọ́n fi irin bí alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Bí ìpẹ́ wọ̀nyí bá sùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ìmọ́lẹ̀ yóò bà wọ́n, yóò sì ta padà sí ojú wa lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì sọ pé irin nìyí. Bí wọ́n bá dìde, tí wọ́n wọ́ jọ sí ojú kan, tàbí tí irun búrọ́ọ̀ṣì bá là wọ́n ní ojú ọ̀nà tóóró tóóró, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́nká, ohun tí a ó sì rí ni eérú tí ó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kọjá lórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ńṣe ni ó ń tún ìpẹ́ wọ̀nyẹn tò, fún rere tàbí fún búburú.

Mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún tó kọjá pẹ̀lú ọ̀dà fàdákà kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìpẹ́ inú rẹ̀ tóbi débi pé mo ń fi ojú lásán rí wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá po yanrìn mọ́ ògì. Gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà ló hàn, bí mo sì ṣe ń kùn ún lé ara rẹ̀ láti fi bò ó mọ́lẹ̀ ni ojú àlà, ìyẹn ìlà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sí ara báálù, ń dí, títí tó fi dà bíi pé wọ́n ri báálù náà bọ inú àṣáró. Ìyàtọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí lára Metal Color nìyí: ìpẹ́ rẹ̀ kúnná gan-an. Mo fi gíláàsì ìfohunńlá wo èyí tí mo kán sí orí ike funfun kan, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ dà bí òjé tí ó yọ́ ni.

Báálù tí mo lò ó fún ni P-51D Mustang ti ilé-iṣẹ́ Airfix, èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/72 (báálù gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po méjìléláàádọ́rin), láti inú móòdù tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2012. Báálù gidi náà gùn ní mítà 9.83, apá rẹ̀ sì fẹ̀ ní mítà 11.28, nítorí náà èyí tó wà lórí tábìlì mi gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá ààbọ̀, fífẹ̀ apá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rìndínlógún. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò kéré jù fún ohun tí mo ń wá. Nígbà tí ọdún 1944 bẹ̀rẹ̀ ni àwọn báálù ìjà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé-iṣẹ́ láìsí ọ̀dà ìfarapamọ́ lára wọn mọ́, nítorí pé ọ̀dà ń fi ìwúwo kún báálù, ó ń jẹ àkókò òṣìṣẹ́, ó sì ń dín eré kù. Láàárín ọdún yẹn náà ni àwọn awakọ̀ òfuurufú aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́ ní Tuskegee ní Alabama, tí Benjamin O. Davis Jr. jẹ́ ọ̀gá wọn, gba Mustang, tí wọ́n sì kun ìrù rẹ̀ ní pupa yòò. Ramitelli ní Ítálì ni wọ́n ti ń gbéra. Irin tí kò ní àwọ̀ àti ìrù pupa: èyí ni mo fẹ́ fi sí orí àkọsọ́ ọmọ mi.

Ohun kan wà nípa Mustang tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí, tí ó sì sọ irú ọ̀dà tí èèyàn yóò rà. Kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni ó jẹ́ irin lásán. Apá rẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìdàrú, kí orí ìṣó àti ojú àlà tí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn abala irin, ti pàdé má baà da afẹ́fẹ́ náà rú, ilé-iṣẹ́ North American Aviation fi pọ́tì dí wọn, wọ́n ha á títí ó fi kúnná, wọ́n sì kun ọ̀dà àwọ̀ fàdákà lé e lórí. Ara báálù ni wọ́n fi sílẹ̀ ní irin gidi. Nítorí náà, ẹni tó bá fi fàdákà kan ṣoṣo kun gbogbo rẹ̀ ti pàdánù ohun tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ìgò méjì ni mo fi ya wọ́n sọ́tọ̀: Aluminium fún ara, àti Semi Matt Aluminium fún apá, èyí tí dídán rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ bí ti ọ̀dà. Nígbà tí mo gbé e sí ojú fèrèsé, ìyàtọ̀ náà hàn láìjẹ́ pé ó ń pariwo. Nínú gbogbo ohun tí ọ̀wọ́ ọ̀dà yìí lè ṣe, èyí ni mo kà sí jù.

Bàbá mi fi ọ̀dà mọ́tò jẹun ní Mushin fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ tí mo parí títò báálù náà, tí mo rò pé ó ti yá fún ọ̀dà, mo pè wọ́n lórí fóònù, mo sì gbé e sí ojú kámẹ́rà.

“Bàbá, ẹ wo apá rẹ̀. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?”

“Tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ iná, kí n rí i. Ẹ̀gbẹ́ kejì. Hẹn-ẹn. Kí lo fi ha á?”

“Sáńpépà ẹgbẹ̀rin ni, sà.”

“Ojú ìlà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo ń rí i láti ibí. Ọmọ mi, fàdákà kì í bo àṣírí. Gbogbo ohun tí o bá fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ló máa tú síta. Padà lọ fi omi ha á. Tó o bá fi ọwọ́ nù ún, tó dà bí ẹ̀yìn ṣíbí, nígbà náà ni kó o tó pè mí.”

Mo padà lọ. Mo fi omi ha á, mo kúrò lórí ẹgbẹ̀rin, mo bọ́ sórí ẹgbẹ̀rún kan, mo sì parí rẹ̀ lórí ẹgbẹ̀rún méjì (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe pọ̀ sí i ni ó ń kúnná sí i), alẹ́ méjì gbáko ló gbà mí. Lẹ́yìn náà, mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ wẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, láti ìgbà yẹn n kò sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ń wọ̀, nítorí òróró ara ènìyàn kì í jẹ́ kí ọ̀dà olómi dì mọ́ ike.

Ọ̀dà àkọ́kùn ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo gan-an nínú iṣẹ́ yìí. Metal Color tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń hàn lára rẹ̀. Dúdú tó ń dán ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sí abẹ́ rẹ̀, Vallejo fúnra wọn sì ń ta àkọ́kùn dúdú dídán fún un. Orí dúdú, alumíníọ̀mù yóò jinlẹ̀, yóò sì tutù lójú. Orí eérú fẹ́ẹ́rẹ́, yóò funfun díẹ̀, yóò sì dà bí ohun tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Mo fi dúdú sí abẹ́ ara báálù, mo sì fi eérú sí abẹ́ apá, èyí tún ràn mí lọ́wọ́ láti ya irin gidi sọ́tọ̀ kúrò lára irin tí a kùn. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kun àkọ́kùn náà pẹ̀lú, ní ipele méjì, mo sì fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn ipele kejì. Ẹni tó bá ń kánjú níbí, iwájú ni yóò ti rí i.

Ó wá ku ọ̀dà gangan. Kí n tó ṣí ìgò, mo mì í fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, nítorí ìpẹ́ irin wúwo, ó sì máa ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹni tó bá kán an láìmì, omi ni yóò kán jáde. Ẹ̀kán mẹ́ta ni mo kán sínú àwo tánganran funfun, mi ò sì fi omi tàbí tínà kankan là á. Búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ni mo mú, èyí tó fẹ̀ tó ìka ọmọ mi tó kéré jù, tí irun rẹ̀ rọ̀, tí kì í ṣe irun ẹranko. Mo rì í bọ ọ̀dà dé ìdajì irun rẹ̀, mo fọwọ́ tọ́ ọ lára bébà ìnuwọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wá fà á láti iwájú apá lọ sí ẹ̀yìn, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà kọjá. Ìlà kan. Mo gbé ọwọ́. Ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn án ní etí díẹ̀. Mo gbé ọwọ́. Bí ìlà kankan bá ṣẹ́ kù níkẹyìn, ojú yóò gbà pé afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí ló fà á sí ara báálù, kò sì ní dà bí àṣìṣe alákùn-ún.

Ipele àkọ́kọ́ burú lójú. Ó dà bí eérú tí wọ́n gbá lórí ilẹ̀ tí ó tutù, ibì kan dúdú, ibì kan funfun, ọkàn sì máa ń sọ fún èèyàn pé kí ó yára padà lọ tún un ṣe. Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: kò gbọ́dọ̀ padà lọ. Mo fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo lọ se iyán, mo padà wá kun ipele kejì ní ọ̀nà kan náà. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa pọ̀. Ní ipele kẹta ni ó di irin. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tó wà ní ọwọ́ mi jẹ́ ike ní ààbọ̀ wákàtí sẹ́yìn, ó sì wá di ohun tí mo ń gbé tìṣọ́ratìṣọ́ra bíi pé ó lè tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Ara báálù, tó wà lórí dúdú, gba ipele mẹ́rin kó tó pé. Nítorí pé ipele kọ̀ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ojú àlà tí Airfix gbẹ́ sí ara rẹ̀ ló ṣì mú ṣánṣán.

Mo rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan. Ní ìdí apá òsì, níbi tó ti kan ara báálù, mo rí ojú kan tí kò kún, bí ẹnu abẹ́rẹ́, mo sì ro pé kí n fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kàn án ṣáá. Ọ̀dà náà ti gbẹ lókè, kò sì tíì gbẹ nísàlẹ̀. Ó wọ́ bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí ṣíbí bá kan awọ tó dì sí ojú ẹ̀kọ, eérú abẹ́ rẹ̀ sì yọjú. Bí mo ṣe ń tún un ṣe ni ó ń gbòòrò sí i, títí ó fi tó èékánná ọwọ́. Ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi, kì í ṣe ti ọ̀dà. Ohun tó yọ mí ni pé mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo fi sáńpépà ẹgbẹ̀rún méjì àti omi ha odindi pánẹ́ẹ̀lì yẹn, kì í ṣe ojú ibi tó bàjẹ́ nìkan, mo kun eérú, mo sì kun alumíníọ̀mù láti ojú àlà dé ojú àlà. Nígbà tí ó gbẹ, ìpààlà náà wọ inú ojú àlà lọ, a kò rí i. Kódà mo gbà lẹ́yìn náà pé ó dára kí pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni irin gidi ṣe rí: abala irin kan kì í dán bí èkejì.

Èyí ni mo fi lo Duraluminium àti Dark Aluminium, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan péré, fún pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó wà ní àyíká ẹ́ńjìnì. Duralumin gidi ni alumíníọ̀mù tí wọ́n po bàbà díẹ̀ mọ́ kí ó lè le, Alfred Wilm ti Jámánì ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láìsí i kì bá tí sí báálù irin bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ara ìgò, ó ṣókùnkùn díẹ̀ ju Aluminium lọ, ó sì ní àwọ̀ búlúù tí kò ju ìmí lọ. Mo gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí pọ̀ jù. Mo ti rí báálù tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dà bí aṣọ alábùlẹ̀, ó sì dun ojú. Ní Imperial War Museum ní Duxford, mo dúró síwájú Mustang tó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohun tí mo sì rí ni pé ìyàtọ̀ náà ń hàn nígbà tí mo bá ṣí ẹsẹ̀ sápá kan, ó sì ń pòórá nígbà tí mo bá padà. Àwọn tó ṣì ń fò lónìí ni wọ́n máa ń fi aṣọ nù títí wọn yóò fi dà bí dígí, àwọn tó jagun kò rí bẹ́ẹ̀, eruku, epo àti èéfín ló wà lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá dígí kò ní rí i nínú búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá báálù ọdún 1944 yóò rí i.

Ìrù pupa ni mo kọ́kọ́ kùn ṣáájú fàdákà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà olómi tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí kì í fẹ́ràn tépù. Mo dán an wò lára ike àjẹkù kan, tépù tí mo rà ní ìsọ̀ àwọn tó ń kun ilé sì ká ọ̀dà náà nílẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tépù tí kò lẹ̀ púpọ̀, tí mo kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè rọ̀ sí i, kò fa ohunkóhun. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn kí n fi ọwọ́ fà á dé ojú ìlà ju kí n lo tépù lọ. Bákan náà, ẹni tó bá ń kun àwọ̀ irin gbọ́dọ̀ ní ife omi tirẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ìpẹ́ tó bá kù sínú omi yóò fara hàn nínú gbogbo àwọ̀ tí a bá tún kùn lọ́jọ́ náà. Mo rí ìràwọ̀ nínú dúdú táyà mi kí n tó mọ̀.

Mo ti lo Metalcote ti Humbrol náà rí, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Hull níbí ní ọdún 1919. Èyí jẹ́ ọ̀dà elépo, a ó kùn ún, yóò gbẹ, a ó sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún títí yóò fi dán. Mo gbádùn nínù yẹn, fún báálù kékeré kan ó sì dára gan-an, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ àti epo tí a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì kò bá yàrá tí ọmọ ń sùn sí mu. Tamiya ti ilẹ̀ Japan ní fàdákà tó lórúkọ, X-11 àti XF-16, ṣùgbọ́n ọtí wà nínú ọ̀dà wọn, ó sì ń yára gbẹ, nítorí náà ó yá ẹ̀rọ ìfínda lára ju búrọ́ọ̀ṣì lọ, àyàfi tí a bá fi èròjà tó ń dá gbígbẹ dúró sí i. Fún ọwọ́ lásán, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé púpọ̀, Metal Color ni mo fi ṣáájú.

Ẹ má ṣe fi fánísì tí kò dán bò ó lórí. Mo fi í sí ẹ̀yìn àjẹkù kan, irin náà sì di ike eérú lójú ẹsẹ̀. Vallejo ń ta fánísì dídán tí wọ́n ṣe fún àwọ̀ irin, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ipele kan ṣoṣo, ó pa dídán náà díẹ̀, kò pa á tán, ó sì jẹ́ kí ó ṣeé fọwọ́ kàn. Lórí fánísì yìí ni mo lẹ àwọn sítíkà olómi sí. Ẹ gé etí sítíkà yín kúrú dé ojú àmì, nítorí lórí irin ni ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí wọn máa ń hàn jù lọ. Ẹnu èéfín mẹ́fà tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan imú ni mo fi Steel kùn, mo sì fi Pale Burnt Metal tọ́ ọ ní ṣóńṣó, mi ò tíì rí ohun tó dà bí irin tí iná jó ju bẹ́ẹ̀ lọ láti inú ìgò.

Mo tún pe bàbá mi nígbà tí ó parí. Wọ́n ní kí n yí i lábẹ́ iná díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ibi ìdí apá òsì yẹn, o tún un kùn, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, “Ó dára. Ẹlòmíràn kò ní rí i.”

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀, kí ó ra Aluminium, Semi Matt Aluminium àti àkọ́kùn dúdú dídán, kí ó sì fi owó tó kù ra búrọ́ọ̀ṣì kan tó rọ̀ dáadáa, kí ó má ṣe ra ìgò mẹ́wàá. Lẹ́yìn Mustang yìí, n kò tíì lo ìdajì ìgò Aluminium mi. Báálù jẹ́ẹ̀tì Sabre kan ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lókè àpótí aṣọ; Jet Exhaust nìkan ni mo ń dúró dè kí n tó ṣí i.